Gbọ́lá Ẹnìtàn àti Àkàbà Ìwé Ẹ̀rí Rẹ̀

Láàárín ọdún 2010 sí 2019, bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Johannesburg bá ní ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, kì í lọ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yunifásítì. Mayfair ló ń gbà lọ, sí yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìjọ kan, níbi tí Gbọ́lá Ẹnìtàn máa ń tẹ́ tábìlì sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ dáadáa ọkùnrin náà, torí kò pọ̀, kò ní gbà wá lásìkò: ó mọ ohun tó ń sọ, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí ni pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n panu mọ́, kí òun wá wọ́ wọn nílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Ó lẹ páálí ńlá kan mọ́ ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó fi máákà dúdú ya àkàbà sí i, ó sì kọ nọ́ńbà sí ìpele kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò ó ní South Africa. Mẹ́rin ni mátíríìkì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Márùn-ún ni sàtífíkéètì gíga, ọdún kan péré. Mẹ́fà ni dípúlọ́mà, ọdún mẹ́ta. Méje ni dìgírì, òun náà ọdún mẹ́ta. Mẹ́jọ ni ọ́nọ́ọ̀sì, èyí tí àwa nílé máa ń gbà mọ́ dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin wa láìjanpata, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé níbí, fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ fún un, odindi ọdún kan ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mẹ́sàn-án ni másítáàsì, mẹ́wàá ni oyè ọ̀mọ̀wé. Nísàlẹ̀ mẹ́rin, páálí lásán ló kù. Gbọ́lá máa ń sọ pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ yẹn kó má wulẹ̀ jókòó sídìí tábìlì òun.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kì í yí padà. Òbí á mú nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, á dúró de ti ẹ̀, á wá jókòó, á gbé èsì ìdánwò ọmọ kalẹ̀. Gbọ́lá á kà á sókè látòkè délẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lè gbọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún àwọn tó kù. Á wá sọ máàkì di póìǹtì: ọgọ́rin sókè jẹ́ méje, àádọ́rin sókè jẹ́ mẹ́fà, ọgọ́ta sókè jẹ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Á rò ó pọ̀, á gbé rúlà onígi gígùn kan, á dìde.

"Kí lẹ ní ọmọ yín fẹ́ ṣe?"

"Dókítà ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ wòkè. Ọ̀hún ni dókítà wà yẹn." Rúlà á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní kánjú rárá. "Ọmọ yín nìyí. Ẹ fojú ara yín wò ó. Ṣé wọ́n lè gbọ́ ohùn ara wọn láti ibẹ̀ yẹn?"

Yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ á tẹrí ba, ìyá á máa fi ìka fa etí ìborùn rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń wá, torí òótọ́ lohun tó ń sọ. Òun ló kọ́ wọn pé oríṣi mẹ́ta ni èèyàn lè gbà yege mátíríìkì: èyí tó ń jẹ́ kó ṣe sàtífíkéètì nìkan, èyí tó gbà á láyè dé dípúlọ́mà, àti èyí tó gbà á láyè dé dìgírì. Òun ló sì kọ́ wọn pé ẹni tó gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn kò tíì wọ yunifásítì o. Wọ́n kàn gbà á láyè kó wá kan ilẹ̀kùn ni. Àwọn tó ti se ìrẹsì, tí wọ́n ti pe ẹbí ní Ìbàdàn pé ọmọ ti wọlé, ìdí tábìlì yìí ni ojú ti máa ń tì wọ́n.

Ẹ ó ti máa rò pé ẹni tó ń ṣe báyìí gbọ́dọ̀ wà lókè àkàbà náà fúnra rẹ̀. Gbọ́lá sọ fún gbogbo Johannesburg pé B.Sc. Accounting lòun gbà ní Nàìjíríà. Irọ́ ni. HND lọ́wọ́ rẹ̀, ti pólì, ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ ní Èkó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan níbẹ̀. Ọmọkùnrin méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n gbé B.Sc. wọlé, di ọ̀gá rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń rán an lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Nígbà tó béèrè ìdí tí wọn ò fi gbé òun ga, wọ́n ní òfin ilé iṣẹ́ ni, pé ibi tí HND ń dé nìyẹn. Ó kó ẹrù rẹ̀ ní 2003, ó sá wá sí South Africa, ẹni àkọ́kọ́ tó sì bi í léèrè ibi tó ti kàwé, ẹnu rẹ̀ ni B.Sc. ti jáde. Kò rí i gbé mì mọ́ látọjọ́ náà.

Nítorí irọ́ yìí, kò fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ rí sí àjọ tó ń wo ìwé àwọn àjèjì láti sọ ìpele tó bá a mu. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á kọ HND sílẹ̀, ẹnì kan á sì rí i. Ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ bàtà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé akọ̀wé tó ń to fáìlì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown, tó ń gba owó akọ̀wé, tó sì ń so táì bí ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ Roseline mọ̀. Ọlámidé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò mọ̀.

Oṣù Kìíní ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí èsì mátíríìkì jáde. Ọlámidé wà lára àwọn tó yege. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Fasilat, obìnrin tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Mayfair, mú ọmọ rẹ̀ Fẹ̀hìntọlá wá sídìí tábìlì. Mùsùlùmí ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ìyẹn ní yàrá ẹ̀yìn. Gbọ́lá ka èsì náà sókè. Póìǹtì mẹ́rìnlélógún. Yunifásítì tó wà ní Auckland Park ti kọ̀wé sí i pé ó kúnjú ìwọ̀n dípúlọ́mà ìṣirò owó, àmọ́ àyè ti kún, kó dúró lórí ìlà bóyá ẹnì kan máa yẹ̀.

"Ṣé kò lè ṣe dìgírì ni, Bọ̀ọ̀dá?" ni Fasilat béèrè.

"Dìgírì kẹ̀! Ìyá Fẹ̀hìntọlá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọrùn dùn yín níbi tẹ́ ẹ ti ń wòkè. Mẹ́fà nìyí. Ìwọ̀n yín ni. Ẹ dúró lórí ìlà náà, ẹ máa gbàdúrà kẹ́nì kan kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún wọn dáadáa, bí ẹni ń ju oúnjẹ àjẹkù sí aláìní: pé dípúlọ́mà kì í ṣe òpin ọ̀nà níbí bó ṣe jẹ́ nílé. Bí ọmọ bá parí ọdún mẹ́ta náà, ó lè fi ọdún kan ṣe dípúlọ́mà gíga, ìpele méje nìyẹn, ẹgbẹ́ dìgírì. Láti méje, ó lè bọ́ sí mẹ́jọ. Fẹ̀hìntọlá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọlámidé, tó máa ń bá bàbá rẹ̀ pín nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ímeèlì wọlé. Gbọ́lá ló kọ fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, ímeèlì tirẹ̀ ló sì fi síbẹ̀, torí ó ní ọmọdé kì í mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ńlá. Wọ́n kọ̀wé pé Ọlámidé Ẹnìtàn ní póìǹtì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, dìgírì tó béèrè ń fẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, wọn ò lè gbà á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àyè kan fún un nínú dípúlọ́mà ìṣirò owó. Kó dáhùn kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Fúráídeè tó lù. Tí kò bá gbà á, ẹni tó kàn lórí ìlà ni wọ́n máa fún.

Ọlámidé kà á láti èjìká bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún ni, ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún nítorí póìǹtì méjì. Ó fò sókè.

"Daddy, they took me! It's diploma, but they took me!"

"Jókòó."

"No, listen. It's level six. Then advanced diploma, that's seven. You said so on Saturday!"

"Àwọn ọmọ oníṣòwò ni mò ń sọ ìyẹn fún," ni Gbọ́lá wí. "Ṣé ọmọ oníṣòwò ni ẹ́?"

Roseline bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn tó ń kanra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Ọlámidé, ẹ jẹ́ kó gbà á. Àyè tí wọ́n bá fún èèyàn ni èèyàn ń gbà." Gbọ́lá ní kó fọkàn balẹ̀, pé lísìtì kejì máa jáde. Ohun tó gbé wá láti ilé nìyí, tí kò kúrò lórí rẹ̀ fún gbogbo ọdún tó ti lò nílùú yìí. Nílé, bí lísìtì àkọ́kọ́ bá ti jáde tí orúkọ ọmọ ò sí níbẹ̀, bàbá ọmọ á wọṣọ, á lọ rí ẹnì kan, lísìtì kejì á jáde. Ó kọ́ gbogbo èèyàn ní ìpele mẹ́wàá, kò sì mọ̀ pé kò sí lísìtì kejì ní Auckland Park.

Ní Tọ́sìdeè, ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó ra iṣu mẹ́ta ní Mayfair, ó wọ taxi. Ó sọ̀ ní robot, iná tó ń darí ọkọ̀, tó wà nítòsí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ọgbà yunifásítì nínú oòrùn, iṣu nínú báàgì ọ̀rá, àwọn ọmọ yunifásítì ń wò ó. Ọ̀dọ̀ Ọ̀mọ̀wé Adésànmí ló ń lọ, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ni níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Adésànmí. Ó gba iṣu náà kí ojú má bàa ti àgbà, ó gbé e sábẹ́ tábìlì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ títí dé òpin.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kò sí lísìtì kejì níbí o. Kọ̀ǹpútà ló ń ka póìǹtì, kò sì mọ ẹni tó gbé iṣu wá. Ẹ jẹ́ kọ́mọ gba dípúlọ́mà yẹn. Ọ̀la ni wọ́n máa tì í."

"Ọmọ mi ò ní ṣe dípúlọ́mà."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ wo ara yín náà. HND lẹ ṣe, ẹ̀ ń bẹ láyé, ẹ̀ ń tọ́ wa sọ́nà."

 Gbọ́lá wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ẹ̀yin lẹ jọ wà ní pólì. Ó ti pẹ́." Adésànmí rí ojú rẹ̀, ó sì fẹ́ tù ú nínú, ó wá sọ ohun tó burú jù tí èèyàn lè sọ. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà yín láàmú, ẹ̀gbọ́n. Ta ni ò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì? A kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Auckland Park dé Mayfair, kò rántí wọ taxi. Gbogbo ojú tó ti wò ó ní ìdí tábìlì náà láti ọdún márùn-ún ló ń wò ó lójú ọ̀nà. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n jókòó níwájú rẹ̀, ó bú wọn, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì mọ̀. Ìtìjú náà gbóná lára rẹ̀ débi pé ó tú táì rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò. Tó bá jẹ́ èèyàn gidi ni, ibẹ̀ ni ì bá ti rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá ń bínú sí. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ ní ìjọ: bàbá HND, ọmọ dípúlọ́mà, ìdílé wọn ò lè gòkè.

Ní Fúráídeè, aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Marshalltown, ó ṣí ojú ewé náà. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀: mo gbà, mo kọ̀. Ọlámidé ti tẹ̀ ẹ́ láago lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbé e. Ó tẹ mo kọ̀. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá a lójú, pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣe é yí padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì nìyẹn. Ó jáde, ó ra páì ẹlẹ́ran, ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó délé, Ọlámidé ti wà lẹ́nu géètì. Ó ti di irun tuntun fún yunifásítì.

"Daddy, did you click it?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀. Kò sọ pé òun ti kọ̀ ọ́. Ó ní, "Wọ́n ti gbà á padà. Wọ́n ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní póìǹtì rẹ ò tó dípúlọ́mà pàápàá."

"Even diploma?"

"Dípúlọ́mà pàápàá."

Kò bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ bá Gbọ́lá Ẹnìtàn jiyàn lórí ìpele? Ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà.

Sátidé ọjọ́ kejì, Fasilat gbé kúlà ìrẹsì wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ń jó bọ̀. Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ síwájú Gbọ́lá.

"Bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run ló máa san án fún yín! Wọ́n pè é lánàá, aago kan ò tíì lù. Wọ́n ní ẹnì kan kọ àyè tirẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, irú òmùgọ̀ wo ló máa kọ irú àyè yẹn?"

Gbọ́lá di etí tábìlì mú. Gbogbo yàrá ń pàtẹ́wọ́. Ó mọ̀ pé òun ni òmùgọ̀ náà, ó mọ aago àti ìṣẹ́jú. Kó lè rí nǹkan sọ, ó pe Ọlámidé pé kó wá bu ìrẹsì fún àwọn èèyàn. Ọlámidé bù ú. Ó gbé àwo àkọ́kọ́ fún Fẹ̀hìntọlá, ó ní, "Congratulations," ó sì rẹ́rìn-ín. Ká ní ó ro póìǹtì tí Fẹ̀hìntọlá ní ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀, torí mẹ́rìnlélógún ò ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú ló tì í láti ronú kàn án. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún pé kò tó nǹkan kì í tún ṣírò mọ́. Gbọ́lá jẹ ìrẹsì náà pẹ̀lú wọn.

Láti ìgbà náà, ó ní kí Ọlámidé tún ìdánwò ìṣirò ṣe. Ó tún un ṣe ní 2015, máàkì rẹ̀ wálẹ̀. Ó tún un ṣe ní 2016, ó tún wálẹ̀ sí i. Roseline ní kó gbìyànjú dípúlọ́mà níbòmíràn, ọmọ náà ní, "Mummy, eish, they already said I'm not even diploma." Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń wọ àwọ̀lékè pupa. Ọkùnrin tó kọ àyè ọmọ rẹ̀ dànù ní ọjọ́ Fúráídeè kan ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ní Sátidé: "Ọmọ mi gan-an ò ríbi wọ̀, ẹ̀yin lẹ wá ń pariwo." Ó sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí ọmọ náà ò fi wá pín nọ́ńbà mọ́.

Fẹ̀hìntọlá ní tirẹ̀ gun àkàbà náà bí wọ́n ṣe yà á. Ó parí dípúlọ́mà ní òpin 2017, ó ṣe dípúlọ́mà gíga ní 2018, wọ́n sì gbà á láti bọ́ sí ìpele mẹ́jọ. Ní Oṣù Kìíní 2019, Gbọ́lá ránṣẹ́ pè é pé kó wá sọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọmọ tuntun. Òun ló tọ́ ọ sọ́nà, ó fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fóònù Gbọ́lá bọ́ sómi. Ó ra òmíràn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ímeèlì sí i, ó wá jù ú sí Ọlámidé lórí àga pé kó bá òun ṣe é. Ọlámidé ṣe é. Àwọn ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọdún pípẹ́, wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ọ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé fóònù náà padà fún bàbá rẹ̀, ó ní, "Shap, Daddy, it's working."

Sátidé dé, yàrá ẹ̀yìn kún bámúbámú torí èsì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Fasilat jókòó níwájú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Adésànmí náà wá. Gbọ́lá ti na rúlà rẹ̀ sí ọmọ mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ ti mú, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ńbà mọ́kànlá!" láìgbójú sókè.

Ẹni tó jókòó gbé ìwé kan kalẹ̀. Gbọ́lá mú un, ó ń kà á sókè bó ṣe máa ń kà á: "Sí Ọlámidé Ẹnìtàn. Èyí jẹ́ láti fi dá ọ lójú pé ní ọjọ́ Fúráídeè, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì, o ti kọ àyè tí a fún ọ nínú dípúlọ́mà..." Ohùn rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ ohun tó ń kà.

Ó gbójú sókè. Ọlámidé ló jókòó níwájú rẹ̀, nínú àwọ̀lékè pupa, nọ́ńbà mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà lórí ìlà láti aago mẹ́wàá bí gbogbo èèyàn.

"Ẹ kà á délẹ̀, Daddy," ó wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ lè gbọ́. "Ti gbogbo èèyàn lẹ máa ń kà délẹ̀."

Fasilat ti dìde dúró. Ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ tirẹ̀, ó ka ọjọ́ lórí ìka, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Fẹ̀hìntọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́.

"Ọlámidé, ká sọ ọ́ nílé," ni Gbọ́lá wí.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ fi rúlà yẹn hàn mí. Níbo ni mo wà?"

Kò dìde. Ọlámidé fúnra rẹ̀ mú rúlà náà, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó sì dúró tì í. Níkẹyìn Gbọ́lá nà án, rúlà náà ń ha lára páálí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá mẹ́jọ, ó kọjá méje, ó kọjá mẹ́fà.

"Mẹ́rin," ó wí.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin ńkọ́, Daddy? Níbo lẹ wà? Mo rí ìwé ẹ̀rí yín lábẹ́ bàtà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sì sẹ́ni tí ẹnu yà. Wọ́n kàn ń wolẹ̀, gbogbo wọn, Adésànmí náà ń wolẹ̀, Gbọ́lá sì rí i pé wọ́n ń wolẹ̀. Ọlámidé ká ìwé rẹ̀, ó fi sínú àpò àwọ̀lékè rẹ̀, ó ní aago méjìlá lòun máa wọṣẹ́, òun ò fẹ́ kí taxi fi òun sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó jáde lọ.

Gbọ́lá ṣì na rúlà sórí páálí. Ó wá pe nọ́ńbà méjìlá. Obìnrin tó mú un lọ́wọ́ wà lórí àga tó kàn, èsì ọmọ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó ká èsì náà sí méjì, ó fi sínú báàgì, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì jáde.